Pápákọ̀ Òfurufú Uli

Uli jẹ́ ìlú àgbẹ̀ ní agbègbè Ihiala, Ìpínlẹ̀ Anambra òde òní, níbi tí ìjọba Biafra, apá ìlà-oòrùn tó ya kúrò lára Nàìjíríà, ti fẹ ojú ọ̀nà márosẹ̀ kan, tí wọ́n sì sọ ọ́ di pápákọ̀ òfurufú, ìyẹn ibi tí bàálù ń balẹ̀ sí, nígbà Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà (1967–1970). Annabelle ni orúkọ àṣírí rẹ̀. Lẹ́yìn tí Port Harcourt bọ́ lọ́wọ́ Biafra ní oṣù Karùn-ún 1968, ibẹ̀ di olórí ẹnu ọ̀nà tí oúnjẹ, oògùn àti ohun ìjà ń gbà wọlé. Òru ni àwọn bàálù máa ń balẹ̀, nítorí àdó olóró tí bàálù ogun ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ń jù. Wọn kì í tan iná ojú pápá àfi tí bàálù bá ti fẹ́ fẹsẹ̀ kanlẹ̀, wọn a sì pa á kíá, kí àwọn aláàárù tó máa já àpò iyọ̀, wàrà àti panla nínú òkùnkùn. Àwọn ìjọ Kristẹni ń fò wá láti erékùṣù São Tomé, ẹgbẹ́ Red Cross sì ń wá láti Fernando Po àti Kútọnu, títí di oṣù Kẹfà 1969 tí bàálù ogun ìjọba àpapọ̀ yìnbọn já ọ̀kan nínú bàálù ẹgbẹ́ náà lulẹ̀, tí gbogbo òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ sì kú. Ìgboyà àwọn awakọ̀ òfurufú tó ń fò wá sí Uli kì í ṣe kékeré. Nígbà tí ogun parí ní oṣù Kìíní 1970, iṣẹ́ pápákọ̀ náà dópin, ojú ọ̀nà sì padà di ti ọkọ̀ ilẹ̀.