Ilé Kan, Ojúlé Méjì

Bàbá bàbá mi ra kẹ̀kẹ́ kan nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣèjọba. Lọ́dọọdún ló ń lọ san owó láísẹ́ǹsì rẹ̀ fún àwọn N.A. Ìlọrin, wọn a sì fún un ní páànù kékeré kan tí yóò kàn mọ́ ara kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ kan, páànù kan. Ṣùgbọ́n bí Bàbá ti ń gùn ún lọ sí Ọjà Ọba ló ń gùn ún lọ sí oko, kò sí ọlọ́pàá N.A. kan tó bi í léèrè pé ọ̀nà mélòó ló ń fi kẹ̀kẹ́ yìí tọ̀.

Ọ̀rọ̀ páànù yìí ló sọ sí mi lọ́kàn ní ọdún 2021, nígbà tí ọmọkùnrin kan tó ń hun aṣọ òkè ní àdúgbò wa, tó sì ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sáré wọlé tọ̀ mí wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o.” Àdírẹ́sì méjì ló ní, ọ̀kan parí sí .com, èkejì parí sí .ng. Èyíkéyìí tí oníbàárà bá tẹ̀, ìsọ̀ kan náà ni yóò já sí. Ó ti ra ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ìsọ̀ náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun, àfi bí wọ́n ṣe kọ̀wé sí i pé láísẹ́ǹsì kan, àdírẹ́sì kan ni. Bí kò bá san owó ẹlẹ́ẹ̀kejì láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, wọn yóò ti ìsọ̀ náà pa. Iléyá sì kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ kún ilẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ìsọ̀ kan ṣáà ni. Ṣé ó ti wá di méjì ni?”

Ìbéèrè yìí ò ṣeé dáhùn láìmọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ara wọn, orúkọ la kàn fi bò ó nítorí pé orí ọmọ ènìyàn kì í gba nọ́ńbà púpọ̀. Láyé àtijọ́, ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n kọ gbogbo orúkọ náà sí, ní Menlo Park ní California, abẹ́ ìyá kan tó ń jẹ́ Elizabeth Feinler ló sì wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ kọ̀ǹpútà òun, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò kọ̀wé sí. Nígbà tí èrò pọ̀ jù, apá ò ká a mọ́. Ní 1983 ni Paul Mockapetris gbé ọ̀nà tuntun kalẹ̀ tí a fi pín orúkọ ní ìpele-ìpele, bí ìlú, àdúgbò àti agbo ilé. Àwọn .com bẹ̀rẹ̀ ní 1985. Ó di 1995 kí Nàìjíríà tó gba .ng tirẹ̀. Arábìnrin Iyabo Odusote ti Yaba College of Technology ni orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Randy Bush, ọmọ Amẹ́ríkà, ni iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Ẹ ò rí nǹkan? Orúkọ wa, ilé onílé. Ìgbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ NiRA sílẹ̀ ní 2005 ni ọ̀nà ṣí láti dá a padà sílé.

Títí di nǹkan bí 1997, orúkọ kọ̀ọ̀kan ní láti ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ọdún yẹn ni àwọn onímọ̀ kọ ọ́ sínú ìlànà pé kí àlejò máa dárúkọ ilé tó ń wá bó bá ti kan ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ kan ti lè jẹ́ orúkọ ọgọ́rùn-ún láìsí wàhálà. Èyí ò lè ya ará Ìlọrin lẹ́nu. Àwọn kan ń kì wá ní Ìlọrin Àfọ̀njá, àwọn mìíràn ní Gẹ̀rì Àlímì ni. (Èmi ò fẹ́ ìjà o.) Èyí tó wù kí awakọ̀ pè, gáréèjì kan náà ni yóò já ọ sí.

Láísẹ́ǹsì ní ìtàn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tẹ́lẹ̀, bí o bá gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ IBM, ètò inú rẹ̀ bá a wá ni, bí ẹni ra iṣu tí wọ́n fi ènì sí i. Ní oṣù kẹfà 1969 ni IBM kéde pé àwọn yóò máa ta ètò lọ́tọ̀. Ní 1976, Bill Gates, ọmọ ogún ọdún péré, kọ lẹ́tà ìbínú sí àwọn tó ń da ètò BASIC tirẹ̀ kọ: ó ní nínú àwọn tó ní ẹ̀rọ Altair, àwọn tó ra ètò náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Láísẹ́ǹsì ayé ìgbà náà dà bíi páànù Bàbá: ẹ̀rọ kan, ìwé kan. Nígbà tí ẹ̀rọ kan wá di ilé ọgọ́rùn-ún ìsọ̀ ni àwọn olùtà yí i padà, wọ́n fi orúkọ ṣe òṣùwọ̀n. Mo gbà pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti jẹun. Síbẹ̀, ọ̀nà ni wọ́n ń ka iye rẹ̀ yẹn, kì í ṣe kẹ̀kẹ́.

Richard Stallman kọ̀ jálẹ̀. Láísẹ́ǹsì GPL tó gbé jáde ní 1989 kò bìkítà bí ojúlé rẹ ṣe pọ̀ tó. Nílé níbí, òfin 1988 ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ òǹkọ̀wé, òfin tuntun tí Ààrẹ Buhari sì fọwọ́ sí ní 2023 kò yí ìyẹn padà. Iye ojúlé tí láísẹ́ǹsì kan gbà, inú àdéhùn lèèyàn yóò ti wá a.

Èmi àti ọmọ náà bá jókòó ti àdéhùn ọ̀hún, ojú ewé mọ́kànlá. Ní ojú ewé keje la ti rí i pé àdírẹ́sì tí ètò náà “ti ń ṣiṣẹ́” ni wọ́n ń kà. A tún gbogbo rẹ̀ tò: .com nìkan ni ìsọ̀ wà lórí rẹ̀, .ng kàn ń na ọwọ́ sọ́hùn-ún fún àlejò pé, “Ẹ máa lọ síbẹ̀ yẹn.” A kọ̀wé sí wọn, wọ́n gbà. Ká sọ tòótọ́, ó dùn mí pé tiwa ni ó di ìránṣẹ́, àmọ́ orúkọ .com ló wà lórí ìwé.

Ọjọ́ kejì ọdún ló pè mí pé aṣọ ti tán pátá, kí n jọ̀ọ́ má bínú, èyí tí mo ní kó fi pa mọ́ fún mi náà ti bá wọn lọ.