Ìdí Tí AC Porsche 911 Àtijọ́ Kì í Fi Í Tutù Tó

Ìtàn ọkọ̀ eré la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìkan ni. Ẹni tó bá ti san owó gáàsì AC lẹ́ẹ̀mejì láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan, tí inú ọkọ̀ sì tún gbóná padà, ọ̀rọ̀ yìí kàn án.

Porsche 911 tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1974 sí 1989 la ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ̀ tó lẹ́wà ni, eré sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ tí oòrùn bá mú, AC rẹ̀ á kàn máa mí bí ẹni tó ti rẹ̀. Kí ló fà á?

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ìparí ọdún 1939, ilé iṣẹ́ Packard ní Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ ọdún 1940 rẹ̀ han aráyé, ó ní ẹni tó bá fẹ́ AC lè fi dọ́là 274 lé owó ọkọ̀. Ẹ̀rọ náà gba ààyè nínú búùtù. Kò sí bọ́tìnnì tí wọ́n lè fi pa kọ̀m̀prẹ́sọ̀ rẹ̀. Tí òtútù bá pọ̀ jù, dírẹ́bà á páàkì, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á sì yọ bẹ́líìtì kúrò! Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa á tì, kí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn tó tún un gbé dìde.

Gáàsì tí AC ọkọ̀ fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni R-12, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Freon. Kó tó dé, gáàsì olóró bíi àmóníà ló wà nínú fíríìjì, tó bá sì jò, ó lè pa ará ilé. Lọ́dún 1928 ni Thomas Midgley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún General Motors, rí irú gáàsì tí kì í jóná, tí kì í sì í ṣe májèlé. Ní 1930, Midgley fà á símú níwájú àwọn onímọ̀ kẹ́míìsì, ó sì fi èémí náà fẹ́ iná àbẹ́là pa. Gbogbo ayé gbà pé wàhálà ti tán.

Ní ti 911, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ló sì ń mú un tutù, kì í ṣe omi. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ fi AC sí i, ẹ̀yìn lára ẹ́ńjìnnì ni kọ̀m̀prẹ́sọ̀ wà. Kọ́ńdẹ́ńsà kan, ìyẹn ibi tí gáàsì ti ń tú ooru rẹ̀ dànù, wà lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ìkejì wà níwájú lábẹ́ bọ́ńpà. Iwájú náà ni òtútù ti ń wá. Nítorí náà, gáàsì ń rìnrìn àjò láti ẹ̀yìn dé iwájú, ó tún ń padà sẹ́yìn, nínú hóòsì rọ́bà gígùn. Rọ́bà ayé ìgbà yẹn sì ń jò díẹ̀díẹ̀, bí ìkòkò amọ̀ ṣe ń làágùn. Tí ọkọ̀ bá tún wá há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, fáànù ẹ́ńjìnnì á máa rọra yí, kọ́ńdẹ́ńsà tó wà lókè ẹ́ńjìnnì gbígbóná kò ní rí atẹ́gùn tó tó.

Ibi tí gáàsì yẹn ń jò lọ ni ìtàn ti yí padà. Lọ́dún 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland ní California ṣàlàyé pé irú gáàsì yìí ń gòkè lọ ba ìpele ozone jẹ́, èyí tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó ń fa jẹjẹrẹ awọ ara. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bá wọn jiyàn. Ní 1985, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ìpele náà ti fẹ́lẹ́ gidigidi lókè Antarctica. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1987, wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn Montreal. Nígbà tí ọdún 1995 fi parí, Amẹ́ríkà ti dáwọ́ R-12 ṣíṣe dúró. Ọdún 2010 ni gbèdéke àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà bíi Nàìjíríà.

R-134a ló rọ́pò rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà 911 ti di méjì. Gáàsì tuntun yìí tètè ń jò gba ara rọ́bà àtijọ́. Kì í pò mọ́ ọ́ìlì tí R-12 ń lò, kọ́ńdẹ́ńsà tó tóbi sì ló ń fẹ́. Ẹni tó kàn tú R-12 dànù tó rọ R-134a sínú ẹ̀rọ kan náà, apẹ̀rẹ̀ ló fi pọn omi.

Nítorí náà, tí AC bá rẹ̀, ẹ má tíì sáré ra gáàsì. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá bẹ́líìtì le dáadáa, tí kọ̀m̀prẹ́sọ̀ sì ń yí. Ẹ fọ ìdọ̀tí kúrò lára kọ́ńdẹ́ńsà méjèèjì. Ẹ yẹ ọ̀nà ooru wò pẹ̀lú: ara páìpù èéfín ni ooru 911 ti ń wá, tí ohun tó ń dí i kò bá pa dé mọ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa wọlé bá èyí tó tutù. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi géèjì wọn gáàsì. Tó bá dín, ó ti jò nìyẹn. Kí wọ́n wá ojú ibẹ̀, kí wọ́n dí i, kí wọ́n fa atẹ́gùn àti omi inú rẹ̀ jáde, kí wọ́n tó rọ òmíràn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ gáàsì ìdáná sí i nítorí pé ó dínwó. Iná lẹ gbé jókòó yẹn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. R-134a kì í ba ozone jẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná ju ti èéfín carbon dioxide lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún jókòó ní Kigali lọ́dún 2016, láti dín irú rẹ̀ kù. Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ozone ti ń sàn padà, nítorí pé aráyé gbọ́ ìkìlọ̀. Mẹkáníìkì tó dí ojú tó ń jò kó tó rọ gáàsì ń ṣe lára iṣẹ́ náà, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ó di ìgbà mìíràn. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gun ọkọ̀ tó ń gbóná.