Èébú àti ìwà ọtí nílé bíà: Ohun tí òfin sọ l'Abùjá

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a ti ilẹ̀ Yorùbá wá ṣe káràkátà l'Abùjá ló gbà pé èébú ò ju ariwo ẹnu lọ. Ẹni tó mu ìgò bíà mẹ́ta ní Nyanya tàbí Kubwa, tó wá ń pe ẹnìkejì rẹ̀ ní olè, èrò rẹ̀ ni pé bílẹ̀ bá mọ́, àwọn á bẹ ara àwọn, ọ̀rọ̀ á tán. Òfin tí wọ́n ń lò níbí ò rí i bẹ́ẹ̀. A kọ èyí sílẹ̀ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè kà á sétí ọmọ ẹgbẹ́ nípàdé.

Òfin wo ló wà níbí?

Lápá Gúúsù, Criminal Code ni ìpìlẹ̀ òfin tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn. Lápá Àríwá, Penal Code ni, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1960, òun náà ni wọ́n ń lò l'Abùjá. Àwọn ará wa tó wá láti Kwara àti Kogi ti mọ̀ ọ́n, torí òun ni tiwọn náà. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn tàbí Ọ̀ṣogbo wá ló yẹ kó fetí sílẹ̀ dáadáa.

Èébú

Abala 399 nínú Penal Code sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ bú èèyàn láti mú un bínú, tó sì mọ̀ pé ìbínú náà lè dá ìjà sílẹ̀, ó jẹ̀bi. Ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 2 ni, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe gbogbo èébú. Èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi wá ìjà ni. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tẹ́nì kan bá gbá ẹnì kan létí kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù.

Abala 400 ń dáàbò bo obìnrin lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ tàbí ìfarasọ̀rọ̀ tí wọ́n fi fẹ́ dójú tì í. Àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí wá fún wa nídìí tábìlì wà lára àwọn tó ń dáàbò bò.

Àwọn kan máa ń sọ pé èébú ò ṣeé gbé lọ sí kóòtù. Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá nìyí. Lọ́dún 1959, ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, ẹjọ́ kan wà láàárín Bakare àti Ishola. Wọ́n pe Bakare ní olè àti ẹlẹ́wọ̀n nígbà tí wọ́n ń jà. Adájọ́ ní bí àwọn èèyàn ṣe máa ń bú ara wọn tí wọ́n bá fẹ́ jà nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń kà á sí. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ ni ìyẹn, kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn. Ẹ má gbé e lọ bá ọlọ́pàá ní tèṣàn Abùjá, kò ní ràn yín lọ́wọ́.

Ọtí

Penal Code tún dárúkọ ẹni tó mutí yó nígboro tó ń hu ìwàkiwà, tàbí tí kò lè dá ara rẹ̀ tọ́jú mọ́. Abala 403 kan àwa Mùsùlùmí: ẹni tó bá jẹ́ Mùsùlùmí tó mu ọtí tí kì í ṣe fún ìwòsàn lè fẹ̀wọ̀n oṣù 1 jura, tàbí kó san owó ìtanràn. Kò sọ pé kí wọ́n yọ ti Yorùbá sílẹ̀.

Abùjá ò sí lára àwọn ìpínlẹ̀ 12 tó ń fi Ṣàríà dájọ́ ọ̀daràn, èyí tí Zamfara kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Kano, ẹ̀yin lẹ mọ bí Hisbah ṣe ń fọ́ ìgò bíà.

Ẹni tó ń ta ọtí

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi ìwé àṣẹ ọtí títà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. L'Abùjá, kánsù mẹ́fà ló wà: AMAC, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń ta bíà tàbí paraga, ọ́fíìsì kánsù yín ni kẹ́ ẹ ti bèèrè ìwé àṣẹ àti àkókò tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti ìsọ̀. Ẹ gba rìsíìtì.

Òfin mú àwọn aláṣẹ náà

Láàárín 2011 sí 2013, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mú àwọn obìnrin kan nígboro Abùjá lóru, wọ́n ń pè wọ́n ní aṣẹ́wó. Òṣèré Dorothy Njemanze àti àwọn mẹ́ta míì gbé Nàìjíríà lọ sí ilé ẹjọ́ ECOWAS. Ní October 12, 2017, ilé ẹjọ́ náà ní kí ìjọba san mílíọ̀nù 6 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta. Ó ka orúkọ burúkú tí wọ́n pè wọ́n pàápàá sí ìtẹ̀mẹ́rẹ̀. Síbẹ̀, lóṣù April 2019, wọ́n tún kó àwọn obìnrin láwọn ilé fàájì alẹ́.

Bí wọ́n bá mú yín

Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ mú yín. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí lọ́yà yín á fi dé. Òfin ACJA ti 2015 kọ̀ kí wọ́n mú ìyàwó tàbí àbúrò dípò ẹni tó ṣẹ̀. Níbi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé yín débẹ̀ láàárín ọjọ́ 1. Abala 36 nínú ìwé òfin 1999 sì sọ pé wọn ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ohun tí kò sí nínú òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ẹ pe alága ẹgbẹ́, kẹ́ ẹ má sì bú ọlọ́pàá.

Ẹ̀wọ̀n ọdún 2 tó láti tú ìsọ̀ ká, kí ọmọ sì kúrò nílé ìwé. Èyí tá a rí tó ń yára dá wàhálà sílẹ̀ jù ni èébú tó kan ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn ẹlòmíì, àlejò sì ni wá níbí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bẹ́ ẹ bá jókòó ti ará wa tẹ́nu rẹ̀ ti ń yọ̀, ẹ sanwó ọtí, kẹ́ ẹ mú un lọlé.