Eérú Ń Tọ́jú Iná, Kì Í Mú Iná Jó

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa tí a ń fi igi dáná. A máa ń sọ pé kò yẹ kí a kó eérú inú ààrò kúrò títí yóò fi kún dé ẹnu, nítorí pé eérú ló ń mú ààrò gbóná. Mo ti gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń dín gààrí, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn alásè ìnáwó, mo sì ti rí ẹni tó ra ààrò onírin tuntun tó ń tẹ̀ lé e. Àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kan ló bí àṣìṣe yìí, ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ fún òtítọ́ náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Kí ìṣáná tó pọ̀ nílẹ̀ wa, a kì í dá iná tuntun lójoojúmọ́. Bí ìyá ilé bá sè tán lálẹ́, á wa eérú bo ẹyin iná láàárín ààrò mẹ́ta. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á tú eérú náà, á to igi wẹ́wẹ́ lé ẹyin iná tó kù, á fẹ́ ẹ, iná á sì ràn. Ilé tí iná rẹ̀ bá kú mọ́jú ló ń rán ọmọ lọ fọnná nílé aládùúgbò. Ọmọ tó dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ń rí i láràárọ̀ pé abẹ́ eérú ni ooru wà. Ìdí nìyẹn tó fi rò pé eérú ló ni ooru.

Kí ló jẹ́ kí ẹyin iná náà sùn kó má kú? Eérú ò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kàn án bó ṣe fẹ́. Iná ò lè jẹun láìsí afẹ́fẹ́, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni ẹyin iná tí a bò ń jó títí ilẹ̀ fi mọ́. Eérú fúnra rẹ̀ ò ní ooru kankan tó lè fún ìkòkò: ohun tó ti jó kọjá ni, kò sí ohun tó kù lára rẹ̀ tí iná lè jẹ. Àwọn àgbà tó ní bí iná bá kú a fi eérú bojú ti wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Aṣọ ìbora iná ni eérú. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣiṣẹ́ kì í da aṣọ bo orí.

Ẹ wo alágbẹ̀dẹ. Irin ò ní rọ̀ bí ẹwìrì ò bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú èédú, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jẹ́ kí ìdàrọ́ dí ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ohun tó ń tọ́jú iná yàtọ̀ sí ohun tó ń mú iná jó, alágbẹ̀dẹ ò sì da méjèèjì pọ̀.

Bí igi ṣe ń jó gan-an tún la ọ̀rọ̀ náà yé wa. Bí ooru bá mú igi gbígbẹ, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ló ń di gáàsì. Gáàsì yìí ló ń di ọwọ́ iná tí à ń rí, bí ó bá rí ooru àti afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó. Bí afẹ́fẹ́ ò bá tó, á bá èéfín lọ. Èéfín tó ń ta wá lójú jẹ́ igi tí a fi owó rà tí kò ráyè jó.

Lórí ààrò mẹ́ta, eérú díẹ̀ kì í ṣe ewu: afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo, eérú náà kì í sì í jẹ́ kí ilẹ̀ tútù fa ooru mu. Ṣùgbọ́n ààrò òde òní ò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Larry Winiarski ṣe ètò ààrò tí à ń pè ní rọ́kẹ́ẹ̀tì ní ibùdó ìwádìí Aprovecho ní ìpínlẹ̀ Oregon, Amẹ́ríkà. Ẹnu kan ṣoṣo ló ní. Igi ń sùn lórí pẹpẹ irin kékeré, afẹ́fẹ́ sì ń gba abẹ́ pẹpẹ náà wọlé lọ bá iná. Bí eérú bá kún abẹ́ pẹpẹ yìí, ọ̀fun ààrò ti dí nìyẹn, kò sì sí ẹ̀gbẹ́ mìíràn tí yóò gbà mí. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á ní ààrò tuntun náà ń rú èéfín, á sì padà sídìí òkúta mẹ́ta. Ìmọ̀ tó tọ́ fún ààrò àtijọ́ ló gbé lọ sórí ààrò tí kò bá a mu.

Ọ̀rọ̀ náà ju owó igi lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín inú ilé ìdáná pa tó 3,200,000 ènìyàn lágbàáyé ní ọdún 2020, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 nínú wọn sì ju 237,000 lọ. Eérú nìkan kọ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tí ọwọ́ wa ká.

Nítorí náà, kí a máa kó eérú abẹ́ pẹpẹ tàbí abẹ́ àwọ̀n irin láràárọ̀, nígbà tí ààrò ti tutù. Kí a máa ha dúdú èéfín kúrò lára ògiri inú ààrò àti ìdí ìkòkò lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀. Bí ààrò bá ní páìpù èéfín, kí a máa gbọ̀n ọ́n, nítorí dúdú tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ lè gbiná. Kí a má da omi sí ààrò gbígbóná: amọ̀ á sán, irin á wọ́. Bí amọ̀ bá sán, amọ̀ tútù ni kí a fi dí i kó tó fẹ̀. Kí a sì lo igi gbígbẹ, torí omi lè tó ìdajì ìwọ̀n igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

Eérú tí a kó, inú agolo onídèérí ni kó lọ, kó má ṣe wọ inú àpò tàbí ibi ìdalẹ̀nù. Bó ṣe ń tọ́jú ẹyin iná mọ́jú nínú ààrò náà ló ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nínú pàǹtírí, ilé sì lè ti ibẹ̀ jó. Bó bá tutù pátápátá, ó wúlò lóko.

Lálẹ́, ẹ fi eérú bo iná bí ẹ bá fẹ́ kó sùn. Lówùúrọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó ṣá ìṣáná, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ààrò yín. Bí eérú bá dí i, ẹ kó o kúrò kí ẹ tó fi igi sí i.