Ta Ló Ń Gbé Níbẹ̀ Tẹ́lẹ̀?

Ní ọdún 1942, Jack Williamson, ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì, dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀: terraforming. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí èèyàn tún ayé mìíràn lójú ọ̀run ṣe, kó lè ṣeé gbé bíi tiwa yìí. Ọ̀rọ̀ náà tuntun, àmọ́ èrò inú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ẹ ṣáà rántí ìtàn Ifẹ̀: omi ló bo ibi gbogbo, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sórí rẹ̀, àkùkọ fi ẹsẹ̀ tàn án, ilẹ̀ sì fẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ní ibẹ̀ ni orúkọ Ifẹ̀ ti wá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí rèé: omi yẹn ní olúwa rẹ̀. Olókun ló ni ín. Àwọn kan tó ń sọ ìtàn náà ní inú bí i, torí wọn ò bi í kí wọ́n tó gba ibùgbé rẹ̀.

Frank Herbert náà kan ìṣòro yìí nínú Dune, tó jáde ní 1965. Koríko tí wọ́n ń gbìn ní Oregon, kí iyanrìn etíkun má baà bo ọ̀nà, ló ta èrò rẹ̀ jí. Nínú ìwé náà, àwọn èèyàn fẹ́ sọ aṣálẹ̀ di ilẹ̀ tútù, bẹ́ẹ̀ omi ni májèlé fún ekòló ràbàtà tó ń gbé inú iyanrìn yẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé wàyí. Tẹ́ ẹ bá ti Ìrókò ń bọ̀ wá sí Ìbàdàn, lẹ́yìn Mọ́níyà lẹ ó kan IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Ilẹ̀ wọn tó nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà. Oko àti abúlé ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kó kúrò. Wọ́n sé odò, ó di adágún. Wọ́n fi nǹkan bí 350 hẹ́kítà sílẹ̀ láìdáko, igbó sì tún hù. Ẹyẹ kan tí àwọn onímọ̀ fi Ìbàdàn sọ lórúkọ, Malimbus ibadanensis, tí kò sí níbòmíràn láyé àfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ń gbé inú rẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá nìyẹn o, mi ò ní bù ú kù. Lóde ọgbà yẹn, ilé àti oko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba igbó tán. Ṣùgbọ́n ẹgàn ni Yorùbá ń pe igbó tí ọkọ́ ò kàn rí. Tá a bá pe igbó yìí ní ẹgàn, irọ́ la pa. Orí oko olóko ló ti hù.

Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ayé tuntun, ì báà ṣe nínú ìwé, ì báà ṣe lẹ́bàá Mọ́níyà, kó kọ́kọ́ béèrè pé ta ló ń gbé níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó mọ orúkọ abúlé wọ̀nyẹn ti ń darúgbó. Ẹ lọ bi wọ́n, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.