Ẹ̀rọ Amúnáwá Nínú Ọ́fíìsì Kékeré

Ọdún 1896 ni iná mànàmáná dé Èkó, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n dá NEPA, ilé-iṣẹ́ iná ti ìjọba, sílẹ̀ ní 1972, tí iná ń ṣe ségesège, ni ẹ̀rọ amúnáwá di dandan. Báńkì àtàwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ló kọ́kọ́ lágbára láti ra èyí tó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì. Èyí tó wá wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, onígbàjámọ̀ àti àwọn tó ń tẹ̀wé ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n sọ ní “I better pass my neighbour”. Ọwọ́ kan ló ń gbé e, owó rẹ̀ kò sì ga. Àmọ́ ríra kọ́ ni ìnáwó: epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́, púlọ́ọ̀gì, owó mẹkáníìkì, kì í tán. Èéfín rẹ̀ burú ju ariwo rẹ̀ lọ. Èéfín náà ti pa àwọn tó gbé ẹ̀rọ náà sínú ilé sùn.

Ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò. Lítà kan fò láti nǹkan bíi náírà 190 kọjá 480. Sólà àti ínfátà wá di ohun tí oníṣòwò ń ṣírò. Owó ríra wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bátìrì sì ń gbó, ṣùgbọ́n fún ọ́fíìsì oníkọ̀ǹpútà méjì àti fáànù kan, àwọn ló dín owó jù bí ọdún bá ti ń gorí ọdún.