Kọ́bọ̀ ọdún 1936: ṣé àṣìṣe ni àbí ìtàn?

Ìtàn owó la gbé wá lónìí.

Ó dájú pé ẹ ti rí fídíò náà lórí fóònù yín. Ẹnì kan á mú owó onírin àtijọ́ dání, á ní bí irú rẹ̀ bá wà nínú àpótí ìyá àgbà yín, ẹ ti dolówó nìyẹn, torí pé àṣìṣe wà lára rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà léwu ni pé kì í ṣe irọ́ pátápátá. Owó tí ilé ìtẹ̀wó ṣì tẹ̀ wà lóòótọ́, àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ sì ń wá a. Error coin ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ètò yìí, owó aṣìtẹ̀ la ó máa pè é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ owó tí à ń sọ. Kí náírà tó dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́nì là ń ná. Kí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà sì tó gbé owó tiwa jáde lọ́dún 1959, owó kan náà ni àwa, Gánà, Sàró àti Gáńbíà jọ ń ná. Ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ lọ́dún 1912 ló ń bójú tó o. Àwọn bàbá wa fún owó wọ̀nyí lórúkọ tiwọn: onínì ni ìdá kan nínú mẹ́wàá pẹ́nì, eépìnnì ni àbọ̀ pẹ́nì, kọ́bọ̀ ni pẹ́nì kan, tọ́rọ́ ni pẹ́nì mẹ́ta, sísì ni mẹ́fà, ṣílè ni méjìlá. Kọ́bọ̀ yẹn, "copper" ni wọ́n sọ dà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba ń wá orúkọ fún owó wẹ́wẹ́, èyí tó ti wà lẹ́nu aráàlú tẹ́lẹ̀ ni wọ́n mú.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ore ló jẹ́ kí n ṣe ètò yìí. Ìyá bàbá rẹ̀ ní Odigbo fi agolo kan sílẹ̀, owó onírin mẹ́ta sì wà nínú rẹ̀. Ó ya fọ́tò wọn, ó fi wọ́n sórí fóònù. Ẹnì kan tí kò mọ̀ rí pè é, ó ní kọ́bọ̀ 1936 tó wà níbẹ̀ kò ní orí ọba, pé aṣìtẹ̀ ni, pé mílíọ̀nù ló máa tà. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ránṣẹ́ fún owó fọ́ọ̀mù. Ó ti ń wá owó náà yá nígbà tí mo so ó pọ̀ mọ́ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti ń kó owó jọ fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún. A jọ pè é lórí fídíò.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ kó lè hàn dáadáa?"

"Rárá o, ọmọ mi! Má fọ̀ ọ́, má ha á. Bó o bá ti fọ̀ ọ́, o ti bà á jẹ́ nìyẹn. Etí rẹ̀ ni kó o fi mú un, kó o ka ohun tó wà lára rẹ̀ fún mi."

Ó kà á: EDWARDVS VIII. Ó ní ṣé V yẹn kì í ṣe àṣìṣe? Bàbá rẹ́rìn-ín. Èdè Látìn ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ U nìyẹn. Orí ọba ńkọ́? Kò sí orí ọba lára èyíkéyìí nínú àwọn owó tó ní ihò láàárín wọ̀nyẹn, láti ọdún 1907 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Adé àti orúkọ ọba ló wà lójú kan, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ló wà lójú kejì. Lẹ́tà H kékeré tó rí lábẹ́ ńkọ́? Àmì ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ni. KN jẹ́ ti King's Norton, ní Birmingham bákan náà.

Kì í ṣe aṣìtẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìtàn tó wà lára rẹ̀. Lọ́dún 1936, ọba mẹ́ta ló jẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. George Karùn-ún kú ní oṣù kìíní. Edward Kẹjọ gorí oyè, ṣùgbọ́n ó fẹ́ fẹ́ Wallis Simpson, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó ti kọ ọkọ rí, àwọn aláṣẹ sì kọ̀ jálẹ̀. Nínú oṣù kejìlá, ó gbé adé sílẹ̀, àbúrò rẹ̀ di George Kẹfà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, wọn ò ná owó tó ní àwòrán Edward lára. Níbí ńkọ́? Owó oníhò kò nílò àwòrán ojú. Orúkọ nìkan ti tó. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ọba tí kò pé ọdún kan lórí oyè fi wà nínú agolo ìyá àgbà kan ní Odigbo.

Bàbá kò tíì dákẹ́. Ó ní kó yí i padà, kó tún yí i padà. Mo béèrè ohun tó ń wá. Ó ní lọ́dún 1936 yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ Heaton ń tẹ kọ́bọ̀ tiwa, ó sì ń tẹ sẹ́ńtì mẹ́wàá fún Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn méjèèjì níhò, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà. Òǹtẹ̀ wọn dàrú mọ́ra: àwọn kan jáde tí ojú kan jẹ́ ti sẹ́ńtì mẹ́wàá, tí ojú kejì jẹ́ ti kọ́bọ̀ wa. Aṣìtẹ̀ gidi nìyẹn, ó sì ṣọ̀wọ́n. Ti ọmọ wa kò sí lára wọn.

Èkejì ni eépìnnì kan tó ní ihò méjì, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan létí. Bàbá ní kó wo ihò etí yẹn: ó gé lẹ́tà méjì, etí rẹ̀ sì mú. Ẹnì kan ló lu ú lẹ́yìn tí owó ti dé ọwọ́ aráàlú, bóyá láti fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn ọmọ. Èyí tó bá ṣẹlẹ̀ nílé ìtẹ̀wó nìkan là ń pè ní aṣìtẹ̀, bí ihò àárín tó yẹ̀, tàbí owó oníhò tí wọ́n gbàgbé láti lu. Ohun tí àwa èèyàn bá ṣe sí i lẹ́yìn náà, ìbàjẹ́ ni.

Ẹ̀kẹta ni ṣílè aláwọ̀ ìyeyè tó ní igi ọ̀pẹ lára. Ó ti rí irú rẹ̀ tó funfun lórí fóònù, ó rò pé irin tiẹ̀ ni wọ́n ṣì lò. Àwọn méjèèjì ló dára. Fàdákà ni wọ́n fi ń ṣe ṣílè tẹ́lẹ̀. Nígbà tí fàdákà gbówó lórí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n yí i sí idẹ lọ́dún 1920.

Ẹ ò rí i bí Bàbá ṣe ń ṣe é? Kò bẹ̀rẹ̀ látorí àṣìṣe. Ó kọ́kọ́ mọ bí èyí tó dára ṣe yẹ kó rí: ọdún rẹ̀, irin rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, lẹ́tà ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó tọ́, ohun gbogbo ló máa jọ àṣìṣe lójú rẹ̀, ẹni bẹ́ẹ̀ sì ni oníjìbìtì ń wá.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí owó àtijọ́, ẹ ya ojú méjèèjì àti etí rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n kékeré. Ẹ wá èyí tó jẹ́ ọdún kan náà, kí ẹ fi wé e. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra owó lọ́wọ́ yín, òun ló yẹ kó mú owó wá. Bó bá ní kí ẹ̀yin kọ́kọ́ san owó, ẹ pa fóònù yín.

Ọmọ wa kò fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ránṣẹ́. Bàbá ní owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún un, kó má tan ara rẹ̀. Ó ní kó kọ orúkọ ìyá àgbà rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan, kó fi sínú agolo náà pẹ̀lú wọn.